Orí kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́: àkọsílẹ̀ server tó ń ṣe ráútà ní Yaba

Ilé alájà méjì kan wà ní Yaba, kò jìnnà sí ọ̀nà Herbert Macaulay, èmi ni mò ń bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Àwọn onítẹ̀wé àti onífọ́tòkọ́pì ló wà nísàlẹ̀. Àjà kìíní ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB, kọ̀ǹpútà 60 ló tò síbẹ̀. Àjà kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ 40 jókòó sí, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ etí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gba ìpè àwọn oníbàárà. Okùn fiber kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pín, 500 Mbps (mẹ́gábíìtì ní sẹ́kọ́ńdì kan) ní wíwọlé, 100 Mbps ní jíjáde. Ohun tó wà láàárín okùn yẹn àti ilé kì í ṣe ráútà inú páálí. Server tokunbo kan ni, CPU rẹ̀ ní core mẹ́rin (orí ni màá máa pè é níhìn-ín), Debian 12, irú Linux kan, ló wà lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbé e kalẹ̀ kí n tó dé, ó ti kó kúrò l'Ékòó kí n tó gba iṣẹ́ náà.

Àǹtí tó ń ṣe olórí àwọn tó ń gba ìpè ló pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, kò ṣàlàyé kankan. Ó bọ́ ẹ̀rọ etí rẹ̀, ó ní, "Ẹ́ńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sétí, kẹ́ ẹ gbọ́ fúnra yín." Ìyá àgbàlagbà kan ló wà lórí ìlà, ó ń ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ fún wọn. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wa jẹ́ mẹ́wàá. Mẹ́fà ni mo gbọ́. Ìyá náà tún un kà, mo gbọ́ méje, ṣùgbọ́n kì í ṣe méje tó tò léra. Ohùn rẹ̀ ti ń le nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó rò pé wọn kò kọbi ara sí òun ni. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ìyá yẹn kò ṣe nǹkan kan, ọmọbìnrin tó ń dá a lóhùn kò ṣe nǹkan kan, àwọn méjèèjì sì ń bínú síra wọn.

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, á sì lọ sílẹ̀ tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lálẹ́, kò sí wàhálà kankan.

Ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo èèyàn ní: ẹ ra okùn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn ti mú ìwé 1 Gbps wá, Alájì tó ni ilé sì ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo bẹ Alájì kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí ni pé mo ti wo bí okùn náà ṣe ń ṣe ní aago mọ́kànlá ọ̀sán, nígbà tí ọ̀ràn náà bá le jù. Kò kọjá 400 Mbps rí. Okùn tó ṣì ní àyè 100 kò lè jẹ́ òun ló kún.

Àbúrò tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ní tirẹ̀ sọ pé ó ní láti jẹ́ okùn inú òkun. Mi ò bá a wí. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun lẹ́bàá Abidjan, èyí tó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn l'Ékòó nìyẹn. Mo ní kó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà kan ní àjà kìíní, kó ping server fúnra rẹ̀ (kó rán ìbéèrè kékeré sí i, kó wo bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó), kó má jáde kúrò nínú ilé rárá. Ní aago méje àárọ̀, ìdáhùn ń dé láàárín 0.3 ms (ms kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì). Ní aago mọ́kànlá, ó ń lọ sí 20, sí 45, nígbà mìíràn kì í dé. Láti orí tábìlì sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni o. Kò tíì kan ojú títì, áḿbọ̀sìbọ́sí òkun.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró sí ibí yìí díẹ̀ pẹ̀lú mi, torí ibí ni ọ̀pọ̀ lára àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ti ń ṣìnà. Mẹ́gábíìtì ni wọ́n fi ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, òun náà la sì ń kà. Ṣùgbọ́n server tó ń ṣe ráútà kì í ṣiṣẹ́ lórí mẹ́gábíìtì, orí pákẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣe é, ìyẹn ègé kéékèèké tí a gé gbogbo ohun tó ń kọjá sí. Pákẹ́ẹ̀tì ńlá àti kékeré, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fún un ṣe: kó gbà á, kó wo ibi tó ń lọ, kó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ òfin fáyáwọ̀ọ̀lù (ohun tó ń sọ èyí tó lè kọjá àti èyí tí kò lè kọjá), kó pààrọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀, kó tì í síta. Lórí wáyà 1 Gbps kan náà, tó bá jẹ́ pákẹ́ẹ̀tì ńlá oní báìtì 1,500 ló ń kọjá, nǹkan bí 81,000 ló lè kọjá ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tó bá jẹ́ èyí tó kéré jù lọ, oní báìtì 64, 1,488,095 ni. Wáyà kan náà, owó kan náà, iṣẹ́ tó fi ìlọ́po méjìdínlógún ju ara wọn lọ.

Ohùn fóònù kò pọ̀ nínú wọn. Ìpè kan máa ń rán pákẹ́ẹ̀tì 50 lọ ní sẹ́kọ́ńdì, á sì gba 50 padà. Bí àwọn 40 bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 4,000 péré nìyẹn. Àmọ́ fídíò tó bá pẹ́ díẹ̀ á dúró de ara rẹ̀, fáìlì tí pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá sọnù á tún béèrè. Ohùn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ ti kú nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dúró dè é. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àjà kejì ló ń ké, tó sì jẹ́ pé àwọn onítẹ̀wé ní ìsàlẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ilé.

Ìwé dmesg, ibi tí Linux ti ń kọ ohun tó bá ń ṣe é sílẹ̀, ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kún un: nf_conntrack: table full, dropping packet. Ìyẹn ni pé ìwé ti kún, ó ń sọ pákẹ́ẹ̀tì nù. Server máa ń kọ orúkọ gbogbo ìbánisọ̀rọ̀ tó ń kọjá nínú rẹ̀ sínú ìwé kan, kó lè mọ ẹni tí ìdáhùn jẹ́ tirẹ̀. 65,536 ni ààlà tí wọ́n fi sí i, ó sì ti kún. Èyí tó mú kó tètè kún ni pé tí Linux bá ti kọ ìbánisọ̀rọ̀ TCP kan (irú èyí tí ojú ìwé àti fáìlì ń lò) sílẹ̀ pé ó ti fìdí múlẹ̀, sẹ́kọ́ńdì 432,000 ló máa fi pa á mọ́ tí kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ márùn-ún gbáko nìyẹn. Ọmọ tó kúrò ní kíláàsì pẹ̀lú fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, orúkọ fóònù rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé títí di ọjọ́ Ẹtì. Mo gbé ààlà náà lọ sí 262,144, tí kò gba ju bíi ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì mẹ́mórì lọ, mo sì dín ọjọ́ márùn-ún yẹn kù sí sẹ́kọ́ńdì 7,440. Mi ò ṣàdédé mú 7,440. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 4 ni, RFC 5382, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan, sì ní kò gbọ́dọ̀ dín sí i.

Ojú ìwé tí kì í ṣí tẹ́lẹ̀ ní àjà kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ohùn ìyá àgbà kò tíì pé.

Mo ṣí top, ètò tó ń fi bí CPU ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ó ní CPU ń ṣiṣẹ́ ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn ló ti ń tan gbogbo ẹni tó ti wò ó ṣáájú mi jẹ. Ẹ tẹ nọ́ńbà 1 lórí kíbọ́ọ̀dù, kó tú àwọn orí náà ká lọ́kọ̀ọ̀kan. CPU0, lábẹ́ "si" (ibẹ̀ ni iṣẹ́ pákẹ́ẹ̀tì wà), ń ṣe 97. CPU1, 2. CPU2, 1. CPU3, 1. Lókè pátápátá nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ksoftirqd/0, tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún CPU0, ló jókòó síbẹ̀ tí kò kúrò. Orí mẹ́ta ń sùn, ọ̀kan ṣoṣo ló ru gbogbo ẹrù ilé, top wá pín làálàá ẹni kan sí mẹ́rin, ó ní gbogbo wọn ní ìsinmi.

Kí ló wá ń tán orí kan yẹn lókun tó bẹ́ẹ̀? Pákẹ́ẹ̀tì tí mo kà kò ju bíi 50,000 lọ ní sẹ́kọ́ńdì, àlọ àti àbọ̀. CPU bíi tirẹ̀ yẹ kó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí jẹ́ ọ̀ràn iná. Nínú rc.local, fáìlì tí server ń kà nígbà tó bá ń dìde, ìlà kan wà tó kọ 1600000 sínú scaling_max_freq (ààlà eré) orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. CPU tó lè sáré dé 3.3 GHz, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ sí 1.6. Mo mọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀. Bí NEPA bá mú iná, ínfátà ló ń gbé server náà, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà sì fẹ́ kí bátìrì pẹ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́ tó ṣe é, bóyá èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú ilé. Mo fi mítà kékeré wọn ìyàtọ̀ rẹ̀: wáàtì 11 ló fi jura lọ. Mo gbé e lọ bá Alájì, mo ní, "Alájì, tó bá di wákàtí mẹ́wàá, kò ju gílóòbù kékeré kan tẹ́ ẹ gbàgbé láti pa lọ." Wọ́n ní kí n ṣí i.

Èkejì ló le jù, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní irú server yìí lọ wò lónìí. Òfin fáyáwọ̀ọ̀lù ni. Ẹnì kan ti ń kó àdírẹ́sì àwọn oníjàgídíjàgan orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú iptables, fáyáwọ̀ọ̀lù Linux, fún ọdún pípẹ́, ìlà kan fún àdírẹ́sì kan. Wọ́n ti lé ní 1,100. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ni òfin tó ní kí ìbánisọ̀rọ̀ tó ti fìdí múlẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa kọjá wà.

Ẹ fojú inú wo máìgádì tó ní ìwé orúkọ 1,100 èèyàn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé. Òṣìṣẹ́ yín jáde lọ ra búrẹ́dì, káàdì wà lọ́rùn rẹ̀, máìgádì kò ní wo káàdì àfi tó bá ka ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, nígbàkigbà tó bá wọlé. Pákẹ́ẹ̀tì 50,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìbéèrè 1,100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 55 ìbéèrè nìyẹn láàárín ìgbà tí èèyàn fi máa ṣẹ́jú. Orí kan tí wọ́n ti so mọ́ 1.6 GHz ló ń dáhùn gbogbo rẹ̀.

Mo kó àdírẹ́sì wọ̀nyẹn sínú set (àkójọ) kan ní nftables, arọ́pò iptables, níbi tó jẹ́ pé ìwò ẹ̀ẹ̀kan ni kernel (ọkàn Linux) máa wò ó kó tó mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Mo sì gbé òfin ìbánisọ̀rọ̀ tó ti fìdí múlẹ̀ wá sí òkè pátápátá. Láti ìgbà náà, pákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nínú ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan ló ń rí ìwé máìgádì. Mo ṣe é lálẹ́ Sátidé kí n má bàa ti ara mi síta, mo sì fi at (àṣẹ tó ń mú kí iṣẹ́ ṣẹlẹ̀ ní àkókò tí a bá dá) ṣètò pé kí òfin àtijọ́ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mi ò bá fagi lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ń fọwọ́ kan fáyáwọ̀ọ̀lù láti òkèèrè.

Ní ọjọ́ Ajé, aago mọ́kànlá, CPU0 ń ṣe 41. Ohùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán.

Ká ní ti ọjọ́ yẹn nìkan ni mò ń rò ni, ó ṣeé ṣe kí n má ra káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tuntun rárá. Ṣùgbọ́n ìgbà ìdánwò JAMB ń bọ̀, kíláàsì á kún, orí kan ṣoṣo ló sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo wo /proc/interrupts, níbi tí Linux ti ń kọ orí tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń pè síṣẹ́. Àwọn ojú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjèèjì tó wà lára bọ́ọ̀dù ní ìlà kan péré (ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń tò de orí tó máa ṣe é) lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn CPU0 nìkan. Káàdì oní-ìlà kan kò lè pín iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Computer Village n'Íkejà, mo ra káàdì Intel I350 olójú méjì, tokunbo. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ nígboro, torí náà mo ní kí wọ́n kì í sínú kọ̀ǹpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ lspci láti wo orúkọ rẹ̀, mo tún tẹ ethtool -l láti rí i pé ìlà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí n tó sanwó. Ọmọ tó ń tajà náà ní sùúrù fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti rò pé iṣẹ́ parí. Nígbà tí mo wo /proc/interrupts lẹ́ẹ̀kejì, apá tó kọjú sí ilé ti pín ara rẹ̀ sí orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń dùn ún wò. Apá tó kọjú sí fiber kò pín. Gbogbo ohun tó ń wọlé láti ìta, ìlà 0 ni, CPU0 ni.

Alẹ́ kan gbáko ni mo fi rò ó kí ó tó yé mi. PPPoE, irú ọ̀nà ìsopọ̀ kan, ni ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fi ń fún wa. Káàdì máa ń fi àdírẹ́sì IP tó wà lójú pákẹ́ẹ̀tì pinnu ìlà tí yóò tì í sí. Nínú PPPoE, àpòòwé mìíràn ló bo àdírẹ́sì yẹn mọ́lẹ̀, káàdì náà kò sì mọ bí a ṣe ń wo inú rẹ̀. Lójú rẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti ìta bọ̀ jẹ́ ẹni kan náà. Ó tì wọ́n pọ̀ sójú kan.

Kernel Linux mọ bí a ṣe ń wo inú àpòòwé náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní RPS ni: CPU0 á gba pákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ káàdì, á yọjú wo inú rẹ̀, á sì gbé iṣẹ́ tó kù fún orí mìíràn. Àṣẹ kan ṣoṣo ló gbà:

echo e > /sys/class/net/enp3s0f0/queues/rx-0/rps_cpus

enp3s0f0 ni ojú káàdì tó kọjú sí fiber, lẹ́tà "e" yẹn sì túmọ̀ sí orí 1, 2 àti 3. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ 0 kúrò, kó lè gbájú mọ́ gbígbà. Mo dá irqbalance, ètò tó ń pín iṣẹ́ káàdì fún àwọn orí fúnra rẹ̀, dúró pẹ̀lú, kó má bàa máa tú ohun tí mo tò. Àbúrò mi ló ń wo top nígbà tí mo tẹ Enter. Ó pariwo, "Ọ̀gá, gbogbo wọn ti jí o!"

Ring buffer káàdì náà (àyè tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń dúró de CPU) wà ní 256, ó sì lè dé 4,096. Mo fi sí 1,024. Àwọn kan á ní kí n gbé e dé òpin, mi ò gbà. Pákẹ́ẹ̀tì ńlá 4,096 tó tò sórí ìlà lórí 1 Gbps jẹ́ nǹkan bí 50 ms ìdúró, ohùn kò nílò ibi tí yóò ti dúró.

Ó wá ku nǹkan kan. Ní ọ̀sán, tí àwọn onítẹ̀wé bá ń fi fáìlì báńà ńlá ránṣẹ́, ohùn á tún ṣe bí ẹni pé omi wọ̀ ọ́. Mo wọn ping lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà: 9 ms tí okùn bá dákẹ́, 280 ms tí fáìlì bá ń jáde. Ẹ̀rọ tó wà lópin fiber ní ìlà gígùn tirẹ̀, fáìlì ló kún un, pákẹ́ẹ̀tì ohùn sì ń tò sẹ́yìn wọn. Ọwọ́ mi kò tó ẹ̀rọ yẹn. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n má jẹ́ kí ìlà tirẹ̀ kún láéláé, kó jẹ́ pé lọ́dọ̀ mi ni wọ́n á ti tò. CAKE ni mo lò, ètò tó ń to pákẹ́ẹ̀tì sórí ìlà, tó ti wà nínú Linux láti ẹ̀dà 4.19 ní ọdún 2018. Mo fi 93 Mbps sí jíjáde lórí ppp0, ojú tí PPPoE ń gbà. Ìjáde nìkan ni Linux lè tò bẹ́ẹ̀ ní tààrà, torí náà mo yí ohun tó ń wọlé gba inú ifb0, ojú àtọwọ́dá kan, mo fi 470 sí i. Ó ju 30 Mbps tí Alájì ń sanwó fún lọ tí mo yọ kúrò, mo sì sọ fún wọn kí n tó ṣe é. Ping di 14 ms, fáìlì báńà ń lọ, ohùn mọ́ kedere.

Ìwé 1 Gbps ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ Alájì.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì ínfátà, NEPA mú iná lọ, server kú. Nígbà tó jí, rps_cpus ti padà sí 0, CAKE kò sí mọ́, àjà kejì sì ti ń pè mí. Mo kó ètò káàdì àti RPS sínú systemd, tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí Linux bá dìde, kó máa dìde pẹ̀lú ẹ̀rọ. CAKE ni mo kọ sínú /etc/ppp/ip-up.d, tó ń ṣiṣẹ́ nígbàkigbà tí ppp bá so pọ̀, torí nígbàkigbà tí PPPoE bá já tó tún pe ara rẹ̀ padà, ppp0 tuntun ni kernel ń dá, ohun tí a so mọ́ ti àtijọ́ á bá a lọ. Mo tẹ gbogbo ohun tí mo yí padà sórí ìwé kan, pẹ̀lú ìdí kọ̀ọ̀kan, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí àbúrò mi yọ wáyà iná server náà ní aago méje àárọ̀, ká tó ṣí ọ́fíìsì. A fi wáyà náà padà sí i, a dúró. Ó dìde, ppp0 wọlé. Mo ka rps_cpus, "e" ló wà níbẹ̀. Mo tẹ tc qdisc láti wo ètò ìlà, CAKE wà lórí ppp0 àti ifb0. Lókè, Àǹtí ti dé ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ tí ó ń ka nọ́ńbà kan padà fún ẹnì kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.